"Sorry" mi di ẹjọ́ níbi iṣẹ́: ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ mìíràn

Olùtọ́jú Arúgbó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Oṣù kẹrin mi rèé ní ìlú ọba, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, màmá kan tí mo ń tọ́jú fẹ́ dìde lórí àga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sí etí kápẹ́ẹ̀tì, ó kọsẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbá tábìlì. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, mò ń ká aṣọ. Kí n tó mọ̀, mo ti ń pariwo, "Sorry, Mama! Sorry o! Sorry!" Mo sáré lọ dì í mú. Ọpẹ́ ni pé kò ṣubú.

Ohun tí màmá kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ni mo ṣe. Mo ní n kò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí ló wá dé tí mo fi ń bẹ òun? Ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tọrọ àforíjì nígbà tí màmá kọsẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn yóò rò pé èmi ni mo taari rẹ̀. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ Ajé, mo ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ náà sì parí. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń rìn nínú mi.

Ṣé kí n máa dákẹ́ bí ẹnì kan bá kọsẹ̀ lójú mi ni? Ìyá tó bí mi kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó àwọn ọ̀rọ̀ tó bá "sorry" tan jọ, kí ẹ sì sọ ibi tí a ti ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ó dára bí o ṣe béèrè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ, mo sì mọ ibi tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nílé ìwé, "sorry" ni a fún yín fún pẹ̀lẹ́. "Sorry" yẹn náà ni a tún fún yín fún ẹ má bínú. Bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan.

Ara ẹni tí nǹkan ń dùn ni pẹ̀lẹ́ ń wò. Kò béèrè ẹni tó fà á. Aboyún tó ń gun àtẹ̀gùn, a ó kí i ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tó sín, pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ru igi wọlé, ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀, ọmọ tí òkúta gún lẹ́sẹ̀, pẹ̀lẹ́ ni gbogbo wọn ń gbọ́ lẹ́nu wa. Ẹ má bínú ní tirẹ̀, inú ẹni tí a ṣẹ̀ ló ń wò. Ìbínú wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀ṣẹ̀, kò sí ẹ má bínú.

Àwọn òyìnbó náà ń lo "sorry" fún pẹ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń so ìdí mọ́ ọn. Wọ́n á ní "I'm sorry to hear that", wọ́n á ní "I'm sorry about your hand". Ìdí tí wọ́n so mọ́ ọn yẹn ló ń sọ fún etí pé ìkẹ́dùn ni. Ṣùgbọ́n "Sorry!" lásán, tí ènìyàn kàn jù sílẹ̀ ní kíákíá, ẹ̀bẹ̀ ni etí wọn ń gbọ́. Ìwọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, láìso nǹkan kan mọ́ ọn. Màmá yẹn kò ṣì ọ́ gbọ́ rárá gẹ́gẹ́ bí èdè rẹ̀ ṣe rí.

Nígbà tí ẹnì kan bá kọsẹ̀, "Careful!" ni kí o kọ́kọ́ pè, tàbí "Mind yourself!" Lẹ́yìn tí o bá dì í mú, "Are you all right?" Bí ó bá ti jókòó, tó ń fọwọ́ pa ibi tó ń dùn ún, ìgbà yẹn ni "Oh dear, that must hurt" tó wọlé. Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo wọn, a kàn pín in sí mẹ́ta ni.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Ohun tí màá fi kún un ni ti òfin, nítorí mo rí i pé ẹ̀rù ti ba olùbéèrè, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ẹ̀rù bà á.

Ìlànà kan wà ní England tí wọ́n ń pè ní "duty of candour". Ó bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní oṣù kọkànlá ọdún 2014. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ó kan gbogbo ilé ìtọ́jú tó forúkọ sílẹ̀. Ó ní bí ìpalára tó wúwo bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí à ń tọ́jú, a gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún un, kí a sì tọrọ àforíjì. Ẹ wá wo bí ìlànà náà ṣe túmọ̀ "apology": "an expression of sorrow or regret". Ìbànújẹ́ tàbí àbámọ̀ tí a fi hàn ni ó pè é. Kò dárúkọ ẹ̀bi níbẹ̀.

Ṣáájú ìgbà náà, òfin kan tí wọ́n ń pè ní Compensation Act, ti ọdún 2006, ti sọ fún ilé ẹjọ́ ní England àti Wales pé títọrọ àforíjì nìkan kò tó láti sọ pé ẹnì kan ti gbà pé òun jẹ̀bi. Nítorí náà, àbúrò mi, "sorry" ẹnu rẹ nìkan kò tó láti sọ pé ìwọ lo jẹ̀bi.

Ìwé ni kí o ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ní ojú àti ohùn tó ń gbè é lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ inú ìwé kò ní. Bí wọ́n bá ń kọ ìròyìn lórí ohun tí o rí, bẹ̀ wọ́n kí o kọ tìrẹ fúnra rẹ. Kọ ibi tí o dúró sí, ohun tí ẹsẹ̀ màmá há sí, ohun tí o ṣe. Fún ti "sorry" tí o sọ, kọ "I comforted her" tàbí "I reassured her". Má jẹ́ kí wọ́n kọ "apologised" sí i, nítorí ohun yòówù kí ìlànà wí, lójú ẹni tó bá ka ìwé, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní ìtumọ̀ méjì. Ẹ̀bẹ̀ ni, ẹ̀bẹ̀ náà ló sì máa jẹ́ títí ayé.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan wo kápẹ́ẹ̀tì yẹn náà o. Òun gan-an ló yẹ kó wà nínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀.

Olùtọ́jú Arúgbó

Ẹ ṣeun púpọ̀. Wọ́n ti lẹ kápẹ́ẹ̀tì náà mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín "apologise" àti "regret"? Mo máa ń rí "regret" nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ń sọ fún ènìyàn pé wọn kò gbà á síṣẹ́.

Ògbufọ̀

Iṣẹ́ mi ni láti máa gbé ọ̀rọ̀ láti èdè kan sí èkejì, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára àwọn tó máa ń mú mi dúró ronú. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi.

"Sorry" wá láti inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "sārig". "Sār" ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ìrora tàbí egbò, òun náà ló di "sore" lónìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú "sorrow" ló ti jáde. Rárá o, orísun mìíràn ni "sorrow" ti wá, jíjọ tí wọ́n jọra ni wọ́n fi ń pè wọ́n ní tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ìyẹn ni pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó bá ní "I am sorry" ń sọ pé ó ń dun òun. Ẹ gbọ́ bó ṣe sún mọ́ pẹ̀lẹ́ tó! Ti ẹ̀bẹ̀, ẹ̀yìn ló dé.

"Apology", ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn fi ń gbèjà ara rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ó wá yí padà pátápátá, lónìí ẹni tó bá ní "I apologise" ti gbà pé òun ṣẹ̀. "Regret" ni àbámọ̀: ó wù mí kí ọ̀rọ̀ má rí báyìí. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo fà á, ó sì lè máà jẹ́ èmi. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀ nínú lẹ́tà. Ó ní ọ̀wọ̀ nínú, kò sì gba ẹ̀bi. "Condolence" ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo wọn. Nínú èdè Látìn, "con" ni bá, "dolere" ni kẹ́dùn. Bá kẹ́dùn! Bí a ṣe ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Kí ẹ lè rí i pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí: ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2001, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà tó ń ṣe amí àti ọkọ̀ òfuurufú ogun Ṣáínà kọlu ara wọn nítòsí erékùṣù Hainan. Awakọ̀ Ṣáínà náà, Wang Wei, kú. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà balẹ̀ sí Hainan, wọ́n sì dá àwọn 24 tó wà nínú rẹ̀ dúró. Ṣáínà ní àfi kí Amẹ́ríkà bẹ̀bẹ̀. Amẹ́ríkà ní àwọn kò ṣẹ̀. Ọjọ́ 11 ni wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́tà tí aṣojú Amẹ́ríkà, Joseph Prueher, kọ ló wá tú wọn sílẹ̀. "Very sorry" wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan fún ikú awakọ̀ náà, èkejì fún bí ọkọ̀ wọn ṣe wọ ojú òfuurufú Ṣáínà tó sì balẹ̀ láìgbàṣẹ. Kò sí "apologise" níbẹ̀. Amẹ́ríkà ní pẹ̀lẹ́ ni àwọn kí wọn. Ṣáínà sọ fún àwọn ará ilé wọn pé ẹ̀bẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lójú méjì ló jẹ́ kí oníkálukú lè lọ sílé.

Ará Perth

Níbi tí mo wà ní Ọsirélíà yìí, ọ̀rọ̀ tí Ògbufọ̀ ń sọ ti mú omijé wá sójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti wà níbí kí òyìnbó tó dé, lọ́wọ́ òbí wọn, wọ́n kó wọn lọ sí ilé àjèjì. Àwọn ènìyàn ní kí ìjọba sọ "sorry". Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti ń ṣe Sorry Day ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún. Ní ọdún 1999, John Howard tó jẹ́ olórí ìjọba gbé ọ̀rọ̀ kan wá sílé aṣòfin, "deep and sincere regret" ló wà nínú rẹ̀. Ó kọ̀ láti sọ "sorry". Ó fi ọdún mẹ́jọ sí i lé e kí Kevin Rudd, olórí ìjọba tuntun, tó dìde nílé aṣòfin kan náà, ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2008, tó ní "we say sorry".

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "regret" àti "sorry" jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ bi àwọn onílẹ̀ ibí yìí. Wọ́n mọ̀ pé "regret" lè ti òkèèrè wá, "sorry" ní láti sún mọ́ ọ kó tó jáde lẹ́nu.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn. Lẹ́nu àwọn onílẹ̀ yìí, ètò ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń pè ní "sorry business". Bí ẹnì kan bá kú, tí ẹbí kó jọ, wọ́n á ní àwọn wà nínú "sorry business". Kò sí ẹni tó ṣẹ ẹnì kan níbẹ̀. Ìrora tí a jọ ń pín ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ṣé a ó máa gbé pẹ̀lẹ́ wa pamọ́ ni? Èmi ń wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí èrò bá fẹ́ ṣubú, "Sorry o" ni mo ń sọ, mo sì máa ń sọ ìdí rẹ̀ fún wọn bí wọ́n bá bi mí: lọ́dọ̀ wa, bí nǹkan bá dùn ọ́, ó dùn mí. Títí di òní, n kò rí ẹni tó gbọ́ àlàyé yẹn tí ojú rẹ̀ kò rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn náà kọ́ tiwa.

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn

Ọmọ Ẹ̀gbá, mo gbà pẹ̀lú rẹ pé kí á má gbé e pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì kò sí ní ipò ẹni tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sínú ìwé. Kí olùtọ́jú wa ṣàlàyé fún màmá náà nígbà tí ara bá balẹ̀, ìyẹn dára. Lójú ìṣubú, kí ó lo ọ̀rọ̀ tí màmá á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Olùtọ́jú, ọmọ mi, mo tún fẹ́ sọ nípa ẹ̀bẹ̀ gidi, nítorí ọjọ́ kan á jọ́kan tí ìwọ fúnra rẹ á ṣẹ̀. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Dárúkọ ohun tí o ṣe: "I'm sorry I was late with your tablets." Má fi "if" sí i. "I'm sorry if you were upset" kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ni pé bóyá inú ti ẹ̀ ni kò dára. Má sì fi "but" tẹ̀ lé e, nítorí ohun tó bá wà lẹ́yìn "but" ni wọ́n máa rántí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ jẹ́ kí n kó àwọn kéékèèké jọ, nítorí wọ́n ti dà mí láàmú rí. "Sorry?" tí ohùn rẹ̀ lọ sókè ní ìparí: ẹ wí kí ni, n kò gbọ́. "I feel sorry for him": àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú èyí, kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ lójú ara rẹ̀. "You'll be sorry": ìhàlẹ̀ ni, wàá kábàámọ̀ rẹ̀. Bí "sorry" bá sì dúró ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ, bíi "a sorry sight", ohun tí ojú rí tó ṣeni láàánú ni, kò kan ẹ̀bẹ̀ rárá.

Ará Bahia

Fún ìgbà tí ènìyàn fẹ́ kọjá láàárín èrò, "Excuse me" ni, àgò wa nìyẹn. Ó dùn mọ́ mi láti sọ fún yín pé títí di òní, "agô" ni wọ́n ń sọ nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà níhìn-ín ní Brazil, bí wọ́n bá fẹ́ gba àyè wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sọnù sínú òkun.

Màmá Aláṣọ

Kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kan ti ọ̀fọ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ilé arúgbó lo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ mi. Ọjọ́ ń bọ̀ tí wàá kí ẹbí ẹni tó lọ.

Nílé, a mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló lọ, a ó ní ọjọ́ á jìnnà síra. Bó bá jẹ́ ọmọ jòjòló, a ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti gbé ọ̀pọ̀ ìyá dìde nílẹ̀, èmi náà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n má túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì láé. Mo mọ ẹnì kan tó túmọ̀ rẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀. Ohun tí obìnrin náà gbọ́ ni pé wọ́n pe ọmọ òun ní omi. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

"I'm so sorry for your loss" tó. Bí o bá mọ ẹni tó lọ, fi nǹkan kan tí o rántí nípa rẹ̀ kún un: "She always asked about my children." Wọn kì í gbàgbé irú èyí. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "At least". Má sọ pé ó ti dàgbà. Àwa la máa ń fi ọjọ́ orí dúpẹ́, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lójú òkú. Nínú káàdì, "With deepest sympathy" tàbí "My condolences". Lẹ́nu, "condolences" máa ń dún bí ohun tí a kọ sórí ìwé, fi í sílẹ̀ fún káàdì.

Olùtọ́jú Arúgbó

Ẹ̀yin ará, n kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó ń wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Ẹ bá mi wò ó:

Ó fẹ́ ṣubú: Careful!
Mo ti dì í mú: Are you all right?
Ó ń dùn ún: Oh dear, I'm sorry about your hand.
Ìròyìn burúkú: I'm sorry to hear that.
Èmi ni mo ṣẹ̀: I'm sorry I… (kí n dárúkọ rẹ̀)
N kò gbọ́: Sorry?
Mo fẹ́ kọjá: Excuse me.
Ọ̀fọ̀: I'm so sorry for your lost.

Lánàá, mo sọ ìtàn pẹ̀lẹ́ fún màmá yẹn bí Tíṣà ṣe wí, nígbà tí a ń mu tíì. Ó ní kí n tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohùn rẹ̀ kò gbé e, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú.

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn

Ó dára gan-an. Ìlà tó kẹ́yìn nìkan: "loss" ni, kì í ṣe "lost". S méjì.

Olùtọ́jú Arúgbó

Mo ti tún un kọ, sà. Ẹ ṣeun.